Owó Odò: Àpò Wo Ló Ń Bọ́ Sí?

Àlájà kan wà ní ọjà Wàńdó níbí ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ilẹ̀ Benin, tí mo máa ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé àwọn ìlú kan ń dá owó láti fi tọ́jú odò wọn, pé ó yẹ kí àwa náà ronú sí i. Bí mo ṣe yọ sí wọn báyìí, ìbéèrè ni wọ́n fi kí mi: "Ìwọ ọmọ yìí tó o kàwé, odò wo ló ń gba owó orí? Omi tí Ọlọ́run ń rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́!" Mo ní, "Àlájà, kì í ṣe odò ló ń gba owó o." Wọ́n ní, "Ta wá ni?" Ẹnu mi wọhò.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wa ń pè ní orúkọ kan. Owó omi ni èyí tí à ń san fún SONEB, ilé iṣẹ́ omi ilẹ̀ wa. Wọ́n fa omi, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n tì í gba inú páìpù wá sílé, a sì san owó iṣẹ́ wọn. Owó orí àti tásì tó wà lórí ọjà àti ilẹ̀, àpò ńlá ìjọba ni wọ́n ń dà á sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bù fún ọ̀nà, fún ilé ìwé, fún owó oṣù ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Àlájà gbọ́ lórí rédíò. Ìwé ìjọba lè pè é ní redevance. Èmi á máa pè é ní owó odò. Ẹ rántí bí àdúgbò ṣe máa ń dáwó gbẹ́ kànga: ilé kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, bàbá kan ló ń kó o jọ, bí wọ́n bá sì gbọ́ pé bàbá náà fi owó kànga ra àgbò iléyá, ọ̀rọ̀ di ariwo. Irú ìdáwó bẹ́ẹ̀ ni owó odò, àfi pé òfin ló tì í lẹ́yìn. Dandan ni, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì dè é mọ́.

Kí ló wá ń ṣe odò tó fi nílò owó?

Ẹ lọ sí ẹsẹ̀ afárá ọ̀sà Àjàṣẹ́ láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, nígbà tí àkúnya odò Wẹ́mẹ̀ bá ti dé, èyí tí wọ́n ń kọ ní Ouémé. Ewé kan ló bo omi lọ rẹrẹ, òdòdó rẹ̀ dà bí ẹ̀lú tí wọ́n bomi là. Àwọn Gùn ń pè é ní tógblé, àwọn Faransé ń pè é ní jacinthe d'eau. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àwa tí a máa ń wúre pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, àjèjì tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá ti gun orí àwọn méjèèjì. Apẹja kan gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì fa ọ̀kan yọ. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó rí pàǹpàlà bí irùngbọ̀n àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọbẹ̀ ilá tán. Ẹrẹ̀ ń ro nínú rẹ̀, ìgbín kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan há sí i. Apẹja náà ní kí n jù ú sílẹ̀, pé òórùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀.

Ewé yìí ni ibà. Ẹ̀fọn wà níbòmíràn. Ohun tí ewé náà ń jẹ ni ajílẹ̀ tí òjò gbá kúrò nínú oko òwú àti oko àgbàdo lókè, ìgbẹ́ màlúù, ìgbẹ́ ènìyàn, omi ọṣẹ, àti pàǹtírí tí àwa fúnra wa ń dà sí ojú gọ́tà. Tó bá ti bo omi tán, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi á dín kù, ẹja á sá tàbí kí ó kú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á gba ẹnu òkun ní Kútọnu wọlé, á pa ewé náà. Ẹ má yọ̀: á rì, á jẹrà, ìjẹrà rẹ̀ á tún jẹ afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù. Bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá dé, òun náà á dé.

Nítorí náà, bí a bá ń sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa fọwọ́ kó ewé kúrò lójú omi, irun la ń gẹ̀ yẹn, kò ní ṣàì hù. Ìyẹn ò ní ká má kó o. Kódà Songhai, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ oko tó ti wà ní Àjàṣẹ́ láti 1985, ń rí ewé náà lò láti fi sẹ́ omi ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń náni lówó ni èyí tí ojú kì í tètè rí: ibi tí ọkọ̀ tó ń fa ṣáláńgá á máa tú ẹrù rẹ̀ sí, tí wọ́n á ti sẹ́ ẹ kó tó kan omi, igi tí wọ́n á gbìn sí etí odò kí ilẹ̀ má baà máa ya wọ inú rẹ̀, ọ̀nà àti ìkòtò omi fún màlúù kí wọ́n má baà máa wọ odò lọ mumi, ẹni tí yóò máa bu omi wò lóṣooṣù. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí méẹ̀rì lè gé rìbọ́nù níwájú rẹ̀, àfi bóyá ibi ìtú-ṣáláńgá, ta ló sì fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀? Gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ owó lọ́dọọdún, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnì kan á ní: ṣebí àwọn òyìnbó máa ń fún wa lówó fún irú èyí? Wọ́n ń fún wa. Orílẹ̀-èdè Netherlands ṣe ètò kan níbí tí wọ́n pè ní OmiDelta. Omi tiwa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ètò dára, àmọ́ bí àlejò ló rí: ó ní ọjọ́ tó dé, ó ní ọjọ́ tó máa lọ, àìsàn odò kò sì ní ọjọ́ tó máa lọ. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé àwọn ará Netherlands kì í dúró de owó àlejò nílé tiwọn. Ìgbìmọ̀ omi 21 ni wọ́n ní káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ìgbìmọ̀ kan nínú wọn ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Aráàlú ló ń dìbò yan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jókòó síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ló sì ń bu owó lé ilé àti ilé iṣẹ́ tó wà lágbègbè rẹ̀. Ìdìbò ọ̀tọ̀, nítorí omi nìkan! Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ní ètò ọlọ́dún díẹ̀, ìdáwó tí kì í dáwọ́ dúró ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn.

Ṣé òfin tiwa ò mọ̀ nípa rẹ̀ ni? Ó mọ̀. Òfin 2010-44 ti ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2010, tó dá lórí ìṣàkóso omi ní Benin, gbé e kalẹ̀ pé ẹni tó bá fa omi lò yóò san, ẹni tó bá sì ba omi jẹ́ yóò san. Gbólóhùn méjì péré. Ẹ jẹ́ ká tú wọn wò, torí inú wọn ni ìjà wà.

Ẹni tó ń fa omi kò ṣòro láti kà. Ẹ̀rọ wà lẹ́nu páìpù tó ń ka iye tó kọjá. Ká sọ pé wọ́n ní kí owó odò jẹ́ sẹ́fà 5 lórí mẹ́tà kúbù kan, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lítà. Àpẹẹrẹ tèmi ni o, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni kéde. Ilé tó bá lo mẹ́tà kúbù 10 lóṣù á san sẹ́fà 50. Kò sí ẹni tí ìyẹn máa lé kúrò nílé. Ẹni tó ń ba omi jẹ́ ni ìṣòro. Ilé iṣẹ́ tó ní páìpù kan tó ń tu omi dúdú sínú odò, a lè lọ dúró síbẹ̀ ká wọn ohun tó ń tú jáde. Àmọ́ oko òwú kò ní páìpù. Òjò rọ̀, ó gbá ajílẹ̀ látorí ẹgbẹ̀rún oko lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni ẹ fẹ́ mú? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, níbi púpọ̀ láyé, ẹni tó rọrùn láti kà ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó bà á jẹ́ jù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó odò, ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ bi wọ́n nìyẹn: ta ni ẹ kà, ta ni ẹ fò?

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá ti san owó ti gba ìwé àṣẹ láti máa ba odò jẹ́. Rárá. Ìtanràn wà lọ́tọ̀, èèwọ̀ òfin wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá da oró sínú omi, ilé ẹjọ́ ni, ì báà ti san owó odò lọ́nà mẹ́wàá.

Ọ̀nà míì ni láti gba owó náà lẹ́nu ohun tó ń di ìdọ̀tí. Ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, odò kan wà tó ń jẹ́ Anacostia tí ọ̀rá ọjà kún inú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2010, ẹni tó bá gba ọ̀rá ní ilé ìtajà oúnjẹ ń san sẹ́ǹtì 5. Olùtajà á mú sẹ́ǹtì kan níbẹ̀, èyí tó kù á lọ sínú àpò tí wọ́n fi orúkọ odò náà dè. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: tí àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò tiwọn lọ sọ́jà, ọ̀rá á dín kù nínú odò, owó náà á sì dín kù nínú àpò. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá ṣe ń ṣàṣeyọrí ló ṣe ń kú. Torí náà, kò ṣe é fi kọ́ ilé ìtọ́jú ṣáláńgá tó máa jẹ gbèsè ogún ọdún. Benin kò tilẹ̀ gba ọ̀nà yẹn. Òfin 2017-39 ti oṣù kejìlá ọdún 2017 fòfin de ọ̀rá tí kì í jẹrà pátápátá, kò ní kí ẹnikẹ́ni sanwó kó tó lò ó. Ẹni tó bá lọ sí Wàńdó lónìí á fojú ara rẹ̀ rí bí òfin náà ṣe ń rìn.

Ní ẹkùn San Francisco, ọdún 2016 ni wọ́n dìbò sí i pé kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ní ìwé máa san dọ́là 12 lọ́dún fún ogún ọdún, kí wọ́n lè fi tún àbàtà etí ọ̀sà wọn ṣe. Wọ́n nílò ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìbò, wọ́n rí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àbàtà jọ tiwa gan-an: òun ló ń sẹ́ omi, òun ló ń gba àkúnya mọ́ra. Àmọ́ dọ́là 12 kan náà ni ilé opó ń san, òun náà ni ọgbà ilé iṣẹ́ olówó ńlá ń san. Ó rọrùn láti gbà. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ibi tó gba àròjinlẹ̀ jù ni àpò.

Owó odò tó bá bọ́ sínú àpò ńlá ìjọba ti di owó orí, ì báà jẹ́ pé orúkọ odò ṣì wà lára ìwé. Ìlú Faransé, tí àwa ń wo òfin rẹ̀ kọ tiwa, ti ní àjọ omi mẹ́fà láti ìgbà òfin ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 1964, àjọ kan fún agbègbè odò ńlá kọ̀ọ̀kan. Owó wọn wà lára ìwé owó omi gbogbo ilé, àwọn àjọ náà sì ń fi í ran àwọn ìlú lọ́wọ́ láti sẹ́ omi ìdọ̀tí. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ṣe èyí tó fi di àwòkọ́ṣe. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìjọba wọn nílò owó. Láti 2015 dé 2017, lọ́dọọdún, ó bu mílíọ̀nù yúrò 175 nínú àpò àwọn àjọ náà lọ fi ṣe nǹkan míì. Bàbá tó ń pa owó kànga mọ́ rí i pé owó pọ̀ nínú kólò. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ níbí? Ọdún 2018 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ owó kejì níbẹ̀, èyí tí àwọn àpapọ̀ kọmúùnù fúnra wọn lè bù lé aráàlú fún etí odò àti àkúnya. Òfin ní kò gbọdọ̀ ju yúrò 40 lọ lórí ẹnì kan lọ́dún, ìyẹn lé díẹ̀ ní sẹ́fà 26,000, kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ míì. Mo mẹ́nu kan èyí torí ó sún mọ́ bí ìdáwó kànga ṣe rí: ẹni tó gbowó ń gbé ládùúgbò, ẹ lè lọ bá a nílé.

Àwa náà ní àpò kan tí wọ́n ń pè ní FNEC, ti orílẹ̀-èdè fún àyíká àti ojú ọjọ́. Àyíká ni wọ́n kọ sí i lára, kì í ṣe odò. Iná igbó wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, etíkun tí òkun ń jẹ wà níbẹ̀. Bí owó odò bá wọ ibẹ̀ láìsí ìlà tó yà á sọ́tọ̀, ó ti dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn nìyẹn.

Ó tún ku ohun tí ọ̀pọ̀ ará Àjàṣẹ́ kì í rò. Àwa la wà nísàlẹ̀. Odò Wẹ́mẹ̀ gùn tó kìlómítà 510, ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ti ń ṣàn wá sì ju ìdá méjì nínú ìdá márùn-ún ilẹ̀ Benin lọ. Ó kọjá lẹ́bàá Ṣábẹ. Ọ̀párá, tó fi apá kan ara rẹ̀ ṣe ààlà àwa àti Nàìjíríà, wá dà sínú rẹ̀. Lókè níbẹ̀, ní Kpassa, wọ́n sé Ọ̀párá kí Parakou lè rí omi mu, adágún náà sì ti ní irú àìsàn tí ọ̀sà wa ní, ajílẹ̀ àti ewé. Ará Kétu á ní orí òkè gbígbẹ lòun wà, kànga òun jìn, kí ló kan òun kan odò? Òjò tó rọ̀ sórí oko rẹ̀ ló kàn án. Bí Àjàṣẹ́ nìkan bá dáwó tún etí ọ̀sà rẹ̀ ṣe, ohun tó ti òkè wá á tún bò ó. Bí wọ́n bá sì ní kí Ṣábẹ san, tí gbogbo owó wá lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, Ṣábẹ á bínú, wọn ò sì jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí irú owó yìí fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ibi tí omi ń ṣàn dé, kó má tẹ̀ lé ààlà kọmúùnù, kí apẹja wa àti àgbẹ̀ wọn jọ jókòó nídìí tábìlì kan.

Ṣé ó tilẹ̀ lè ṣiṣẹ́? Ní Jámánì, odò kan wà tó ń jẹ́ Emscher, láàárín àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú. Kòtò ìdọ̀tí tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ọdún 1899 ni àwọn ìlú, ilé iṣẹ́ àti àwọn tó ń wa èédú níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ dáwó sí. Láti 1992, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ri páìpù ńlá mọ́lẹ̀, kí omi ìdọ̀tí lè gba ìsàlẹ̀, kí odò lè gba òkè. Ó ná wọn tó bílíọ̀nù yúrò 5.5. Ìparí 2021 ni ìdọ̀tí tó kẹ́yìn kúrò nínú odò náà.

Mo padà sí Wàńdó, mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún Àlájà. Ìtàn Emscher mú wọn dákẹ́ díẹ̀, wọ́n fi ìka ka ọdún náà títí wọ́n fi dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní, "Ọmọ ọmọ mi á ti relé ọkọ." Mo wá ṣàlàyé sẹ́fà 5 orí mẹ́tà kúbù fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọn ò gbà. Wọn ò ní páìpù nílé. Garawa ni wọ́n fi ń ra omi lọ́dọ̀ aládùúgbò tó ní ẹ̀rọ SONEB, aládùúgbò náà á sì dá owó odò padà sórí garawa, bó ti tọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n nawọ́ sí ilé alájà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ wọn. Ojò dúdú ńlá méjì wà lórí rẹ̀. "Ìyẹn gbẹ́ fóráàjì tirẹ̀. Kì í ra omi lọ́wọ́ SONEB. Ta ló ń ka tirẹ̀?"

Mo ní, "Àlájà, òfin ní ẹni tó bá fa omi yóò san, ti inú ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ fi ẹ̀rọ sí i."

Wọ́n ń fi páálí we ẹja mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó odò lọ́wọ́ àwọn kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn yẹn, pé àwọn ò lọ síbì kan, àwọn wà níbí títí di ìrọ̀lẹ́.